Kí A Tó Ra Àpótí Tí Ń Gba Ohùn

Ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ ni a jọ sọ, mo sì ṣèlérí pé a ó parí rẹ̀ lóṣù yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ẹ̀wà sílẹ̀ ná. Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ tí n kò lè fi falẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Ìyàwó ilé kan ní Iléṣà ni ó kọ ọ́. Iṣẹ́ aránṣọ ni ó ń ṣe, ọmọ méjì ni ó bí, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀. Ìyá tí ó bí ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè ní abúlé. Ìyá àgbà yìí nìkan ni ó kù nínú ìdílé wọn tí ó mọ oríkì orílẹ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwo ẹnu ẹnikẹ́ni. Ìyàwó yìí kó èésú láìpẹ́. Ó fẹ́ fi nínú rẹ̀ ra ohun èlò tí yóò fi gba ohùn ìyá àgbà náà sílẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ yóò sì máa fi gba orin nínú yàrá rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Nígbà tí ó dé ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí ń tajà gbé íntáféèsì oníhò mẹ́jọ síwájú rẹ̀, ó ní èyí tí ó bá kéré ju ìyẹn lọ, ohun ìṣeré ọmọdé ni. Owó tí ó pè é fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo èésú náà mì. Nígbà tí ó délé tí ó rò ó fún ọkọ rẹ̀, ìyẹn ní àti ńlá àti kékeré, ohun ìṣeré ni gbogbo wọn, kí ó fi owó rẹ̀ san owó ilé-ìwé. Ìbéèrè rẹ̀ sí mi kò gùn: "Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?"

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tèmi, ẹ má gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn tán.

Ẹlòmíràn nínú yín lè máa wí pé, kí ni ó kan olùkọ́ ètò ilé nínú ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ sítúdíò ń lò? Rírà ni ó kàn mí. Obìnrin tí ó mọ bí a ti ń yan ìkòkò kò níláti bẹ̀rù àpótí yìí. Bí ìkòkò ṣe tóbi tó kọ́ ni a ń wò, iye ẹnu tí yóò jẹ nínú rẹ̀ ni. Ẹni tí ń se oúnjẹ fún ènìyàn mẹ́rin kì í gbé ìkòkò ìnáwó kaná ní alaalẹ́.

Ìdí kejì jẹ́ tèmi fúnra mi. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ìyá bàbá mi wá síbi ìkómọ, wọ́n jókòó sí igun pálọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ náà. Mo gbé fóònù mi lé orí tábìlì, mo tẹ̀ ẹ́ kí ó máa gba ohùn. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lábẹ́ fèrèsé, fáànù ń yí lókè, àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Nígbà tí mo gbọ́ ohun tí mo gbà lọ́jọ́ kejì, ó dà bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga. Mo ní kò burú, n ó lọ bá wọn nílé nígbà Kérésìmesì, n ó sì gbà á dáadáa. Wọn kò dúró di Kérésìmesì. Títí di òní, bí mo bá gbé e sétí, jẹnẹrétọ̀ ni mò ń gbọ́ ju ìyá bàbá mi lọ. Ibì kan wà tí wọ́n ti dárúkọ bàbá ńlá wa kan. Mo mọ̀ pé orúkọ ni. N kò mọ orúkọ wo.

Nítorí náà, arábìnrin mi ní Iléṣà, kí n tó sọ ohunkóhun nípa àpótí, ẹ lọ sí abúlé ní Sátidé tí ń bọ̀ pẹ̀lú fóònù ọwọ́ yín. Ẹ má dúró de ẹ̀rọ kankan. Ẹ ti fáànù, ẹ ti fèrèsé tí ó kọjú sí títì, ẹ pa ìpè fóònù náà kí ẹnikẹ́ni má baà pè yín láàrin oríkì. Ẹ ká aṣọ méjì tàbí mẹ́ta lélẹ̀ kí ẹ tó gbé fóònù lé e, nítorí tábìlì a máa gbé gìrìgìrì ẹsẹ̀ wọ inú ohùn. Ẹ gbé e sún mọ́ ẹnu màmá, kí ó má ju ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Èyí tí ẹ bá gbà lọ́jọ́ náà lè má dára tó èyí tí ẹ ó gbà lọ́la, ṣùgbọ́n yóò ti wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn èyí ni kí a tó jókòó sọ̀rọ̀ ọjà.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń rà. Íntáféèsì, tí àwọn ọmọ sítúdíò mìíràn ń pè ní sound card, jẹ́ àpótí kékeré kan tí ń dúró láàrin maikirofóònù àti kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tóbi ju Bíbélì lọ. Ohùn ènìyàn jẹ́ afẹ́fẹ́ tí ń mì. Maikirofóònù ń sọ mímì náà di iná mànàmáná tí ó kéré jọjọ. Kọ̀ǹpútà kò lè fi iná tín-ín-rín yìí ṣe nǹkan kan, nítorí nọ́ńbà nìkan ni ó mọ̀. Iṣẹ́ méjì ni àpótí yìí wá ń ṣe: ó ń gbé iná kékeré náà ga, lẹ́yìn náà ó ń wọ̀n ọ́n, ó sì ń kọ wíwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Lórí àwo CD tí gbogbo wa mọ̀, ìgbà 44,100 ni a ń wọn ohùn láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Fún fídíò, ìgbà 48,000 ni. Nígbà tí a bá sì fẹ́ gbọ́ ohun tí a gbà, àpótí náà ni yóò tún sọ nọ́ńbà padà di ohùn fún hẹ́dífóònù wa. Lóòótọ́, kọ̀ǹpútà alágbèéká ní maikirofóònù tirẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ó wà nítòsí fáànù àti bọ́tìnnì ìtẹ̀wé. Ìpè ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é.

Ìbéèrè tí n ó kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra àpótí yìí ni pé, ẹnu mélòó ni yóò sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Àwọn ihò tí ẹni tí ń tajà ń kà fún yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà fún maikirofóònù kan tàbí ohun èlò orin kan. Ihò mẹ́jọ wúlò fún ìjọ tí ó fẹ́ gba akọrin àti onílù pọ̀, tàbí fún ẹni tí yóò gbé maikirofóònù síwájú ìlù kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan nínú yàrá rẹ̀ kò nílò ju ọ̀kan tàbí méjì lọ. Méjì ni èmi fara mọ́, kì í sì í ṣe nítorí afẹ́. Ẹni tí ń ki oríkì kì í dá nìkan ṣe é; ẹnì kan ní láti jókòó tì í, kí ó máa dá a lóhùn, kí ó máa bi í pé, "Ta ni onítọ̀hún, Màmá?" Bí ó bá sì jẹ́ àlọ́ ni, ta ni ó ń pa àlọ́ láìsí elégbè? Bí maikirofóònù kan bá wà níwájú màmá, tí èkejì wà níwájú yín, ẹ ó lè gbé ohùn ọ̀kan sókè tàbí kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà láìfọwọ́ kan ti èkejì.

Àwọn orúkọ tí ẹ ó máa gbọ́ lọ́jà kò pọ̀. Scarlett ti ilé-iṣẹ́ Focusrite ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó lókìkí jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní Solo ní ihò kan fún maikirofóònù àti ọ̀kan fún jìtá. 2i2 ń gba maikirofóònù méjì. Ìran kẹrin rẹ̀ jáde ní 2023, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ìran kẹta ní tòkunbọ̀ tí ó ṣì le, ohun tí à ń sọ yìí kò ju agbára rẹ̀ lọ. Behringer, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Jámánì, ní UMC22, èyí tí ó ń gba maikirofóònù kan, àti UMC202HD, èyí tí ó ń gba méjì. Owó wọn sábà máa ń fúyẹ́ ju ti Scarlett lọ. M-Audio ní M-Track Solo àti M-Track Duo. PreSonus ní AudioBox USB 96, tí òun náà ń gba méjì. Bí wọ́n bá fi gbogbo wọn gba ohùn ènìyàn kan nínú yàrá kan náà, tí wọ́n wá ní kí n fi etí mọ èyí tí ó jẹ́ ti ta ni, èmi kò ní lè sọ. Ìyàtọ̀ tí ẹ ó rí pọ̀ jù nínú bí ara wọn ṣe le tó, bí ohun tí à ń yí lára wọn ṣe ń yí, àti bí ó ti yá kọ̀ǹpútà lára tó láti mọ̀ wọ́n.

Ẹ wo ara àpótí náà bóyá ẹ ó rí 48V. Ọ̀rọ̀ maikirofóònù ni èyí. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní, tí wọ́n ń pè ní dynamic, kì í béèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irú èyí tí ẹ ń rí lọ́wọ́ oníwàásù àti akọrin lórí pèpéle ni. Shure SM58, tí ó jáde ní 1966, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Èkejì ni condenser, tí ń gbọ́ ohun tí ó rọra gan-an, tí ó sì nílò iná fóòtì 48 tí àpótí náà yóò máa rán sí i gba inú wáyà kan náà tí ohùn ń gbà wá. Àwọn ọlọ́jà yóò sọ fún yín pé condenser ni ó dára jù. Nínú sítúdíò tí a ti fi nǹkan bo ògiri rẹ̀, òótọ́ ni. Ní ilé tí àkùkọ ń kọ, tí aládùúgbò ń gún iyán, condenser yóò gbọ́ ìyá àgbà, yóò gbọ́ àkùkọ, yóò sì gbọ́ odó. Dynamic ní tirẹ̀, bí a bá gbé e sún mọ́ ẹnu tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ gan-an ni yóò gbájú mọ́. Òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má ra àpótí tí kò ní 48V, nítorí ọ̀la. Wáyà tí ẹ ó lò ni èyí tí wọ́n ń pè ní XLR, tí irin mẹ́ta wà ní ẹnu rẹ̀. Èyí tí ó ní irin gígùn kan ṣoṣo, bíi ti maikirofóònù ọlọ́wọ̀n tí wọ́n fi ń ṣeré nílé, kì í ṣe tiwa.

Ohun kan wà tí àwọn akọrin nínú yín gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ̀yin tí kì í kọrin lè fò ó. Bí ẹ bá ń kọrin, tí ẹ sì fẹ́ gbọ́ ara yín nínú hẹ́dífóònù, ohùn yín ní láti wọ inú kọ̀ǹpútà kí ó tó padà jáde, ó sì ń pẹ́ díẹ̀ lọ́nà. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹ ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti kọ ọ́ kọjá, bí ohùn tí ń ta padà láti ara àpáta, orin náà yóò sì máa fà sẹ́yìn láìfẹ́ yín. Oògùn rẹ̀ ni bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Direct Monitor sí lára. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ohùn yín yóò gba ọ̀nà àbùjá láti inú àpótí bọ́ sí etí yín, kò ní dé inú kọ̀ǹpútà rárá. Mo ka bọ́tìnnì yìí sí ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sára páálí lọ. Akọrin tí ó bá rí àpótí tí kò ní in, kí ó dá a padà sórí àtẹ.

Lára ohun tí wọ́n ń kọ gàdàgbà ni 24-bit àti 192 kHz. 24-bit ni kí ẹ wá, nítorí ó ń fi àyè sílẹ̀ fún ohùn tí ń rọra lọ tí ó sì ga lójijì, bí ohùn àgbàlagbà tí ń ki ènìyàn. Àwọn kan nínú èyí tí owó wọn kéré jù kò kọjá 16-bit. Ti àwo CD náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tí agbára rẹ̀ mọ síbẹ̀ kò jìyà. Ní ti 192 kHz, ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ìṣirò ọjà. Bí ẹ bá fi maikirofóònù kan gba ohùn ní 24-bit àti 48 kHz, wákàtí kan yóò gba àyè tí ó tó MB 518. Flash oní-GB 64 yóò gba ju 120 wákàtí lọ. Bí ẹ bá wá yí i sí 192 kHz, ìlọ́po mẹ́rin àyè náà ni ohùn kan náà yóò gbà, etí yín kò sì ní gbádùn rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ fi í sí 48, kí ẹ má sì wẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Àwọn àpótí kékeré tí mo dárúkọ wọ̀nyí ń mu iná láti inú wáyà USB tí ó so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà. Oníhò mẹ́jọ sábà máa ń fẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lára ògiri. Ní ilé tiwa, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, ẹni tí ń tajà kò sì sọ ọ́ fún arábìnrin wa. Pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ kún, ẹ lè gba ohùn ní abúlé tí kò sí iná, tàbí ní ìdájí kí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò tó bẹ̀rẹ̀. Mo tilẹ̀ gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà kúrò lára ògiri nígbà tí ẹ bá ń gbà, bí iná tilẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni "hùùù" tí ẹ ń gbọ́ lábẹ́ ohùn ń ti ara ṣájà wá, pàápàá nínú ilé tí wáyà ilẹ̀ rẹ̀ kò dára.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà yín kí ẹ mọ irú ihò USB tí ó ní, pẹlẹbẹ ńlá ni tàbí kékeré onígun roboto. Bí Windows ni ó ń lò, ètò tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe àpótí náà kọ fún un ni kí ẹ wá fi sínú rẹ̀. Lórí Mac, ó sábà máa ń mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè so ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ fóònù. iPhone láti ìkẹẹ̀ẹ́dógún, tí ó jáde ní 2023, ní ihò USB-C, ọ̀pọ̀ Android náà sì ní in. Ṣùgbọ́n fóònù náà ni yóò máa bọ́ àpótí, bátìrì rẹ̀ kì í sì í pẹ́. Ní ti ètò tí a fi ń gba ohùn nínú kọ̀ǹpútà, ẹ má ra èyíkéyìí ná. Audacity ti wà láti ọdún 2000, ọ̀fẹ́ ni, ó sì tó láti gbà, láti gé, àti láti tò.

Mo ti dé ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣìnà. Wọ́n á kó gbogbo owó lé àpótí, wọ́n á wá délé láìní maikirofóònù. Bí iye tí ẹ yà sọ́tọ̀ bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ẹ má jẹ́ kí àpótí kọjá àádọ́ta nínú rẹ̀. Ìyókù ni ti maikirofóònù, wáyà, ọ̀pá tí yóò gbé e dúró, àti hẹ́dífóònù tí ń bo etí pátápátá, kí ohùn inú rẹ̀ má baà jò padà sínú maikirofóònù. Bí owó kò bá tó fún maikirofóònù méjì, ẹ ra ọ̀kan, kí ihò kejì máa dúró dè yín. Bí ẹ bá sì mọ̀ pé ẹnu yín nìkan ni ẹ ó máa gbà títí, bíi kí ẹ máa ka ìtàn fún àwọn ọmọ, maikirofóònù USB lè tẹ́ yín lọ́rùn, nítorí íntáféèsì ti wà nínú tirẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹnu kan ni ó mọ̀. Lílò méjì pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan a máa fa wàhálà.

Ọjà Alábà àti Computer Village ní Ìkẹjà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ ní Èkó, àwọn ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin sì wà ní Ìbàdàn náà. Níbikíbi tí ẹ bá rà á, ẹ má san owó kí ẹ tó gbọ́ ohùn ara yín nínú rẹ̀. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín dání, kí ẹ ti fi ètò rẹ̀ sínú rẹ̀ láti ilé. Ẹ ki maikirofóònù bọ ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ sì gbọ́ ọ. Ẹ yí ohun gbogbo tí ó bá ń yí, kí ẹ máa fetí sílẹ̀ bóyá yóò máa sọ "kràà-kràà". Ẹ ní kí wọ́n yá yín ní condenser kan kí ẹ fi dán 48V wò. Ẹ mi wáyà USB ní ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá pàdánù rẹ̀, ẹ bi wọ́n ní òmíràn. Ọlọ́jà tí ó bá kanra sí èyí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ.

Yàrá tí ẹ ó ti lò ó kò níláti ná yín ní kọ́bọ̀. Ògiri sìmẹ́ǹtì àti ilẹ̀ táìsì ni ọ̀tá ohùn, nítorí wọ́n ń jù ú padà. Aṣọ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí ó bá ti nípọn tó ni ó ṣe dára tó. Ẹ kọjú sí ibi tí ẹ ń fi aṣọ kọ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì ìdùbúlẹ̀ ró sí ẹ̀yìn yín, ẹ sì fa kọ́tíìnì tí ó wúwo. Àdìrẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò ní ṣe nǹkan kan. Ní ti atẹ́gùn tí ń fẹ́ "pùù" jáde lẹ́nu bí a bá pe "gb" tàbí "p", arábìnrin wa aránṣọ ti ní oògùn rẹ̀ nílé: kí ó na ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí férémù roboto tí ó fi ń kọ iṣẹ́ ọnà sára aṣọ, kí ó gbé e sáàárín ẹnu àti maikirofóònù. Tí ẹ bá ti jókòó tán, kí màmá sọ̀rọ̀ sókè bí wọ́n ti máa ń sọ ọ́ nígbà tí inú wọn bá dùn jù, kí ẹ wá yí Gain títí iná pupa kò fi ní tàn mọ́. Lára Scarlett, òrùka iná kan ni ó yí i ká: àwọ̀ ewé dára, pupa kò dára. Ohùn tí ó bá ti ya níbẹ̀ kò ṣeé rán.

Ní ti ọkọ yín, èmi kò rí ibi tí ó ti ṣẹ̀. Bí owó ilé-ìwé táàmù yìí kò bá tíì pé, ẹ san án, kí àpótí dúró di èésú mìíràn. Fóònù ni kí ẹ máa lò ná. Bí ó bá ti pé, ẹ bá a jókòó pẹ̀lú iye owó gan-an níwájú yín, iye ti oníhò méjì, kì í ṣe ti mẹ́jọ tí ó ń dẹ́rù bà á. N kò ní purọ́ fún yín pé owó yóò ti inú rẹ̀ wọlé. Ó lè wọlé, ó sì lè má wọlé, ẹ má fi ìyẹn bẹ̀ ẹ́. Ohun tí n ó ṣe bí ó bá jẹ́ èmi ni pé n ó fi ohun tí mo gbà ní Sátidé kọ́ ọ gbọ́, n ó sì bi í pé, ta ni ó mọ oríkì ti ilé tiwọn dáadáa, ṣé ẹni náà sì ṣì wà?

Kí ó tó di ọjọ́ náà, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ màmá. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ gba ohùn wọn pamọ́, kí wọ́n sì sọ apá tí kò gbọdọ̀ jáde sétí ìta, nítorí oríkì a máa gbé àṣírí ìdílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ohun tí ẹ bá gbà, kí ẹ fi ẹnu ara yín dárúkọ wọn, ìlú, ọjọ́, oṣù àti ọdún, kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ dà á kọ sí flash méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ní ilé mìíràn, kí ẹ sì tún kọ orúkọ àwọn baba ńlá tí wọ́n dá sínú ìwé, nígbà tí màmá ṣì wà nítòsí láti tún un ṣe bí ẹ bá ṣì í kọ.

Arábìnrin mi, ẹ bá mi kí wọn ní Sátidé. Ẹ kọ̀wé sí mi tí ẹ bá dé. Ẹ̀wà àti kòkòrò yóò dúró dè wá di oṣù tí ń bọ̀.